Bí fáírọ́ọ̀sì ṣe ń ba ibi ọmọ jẹ́

Bí ọmọ bá délẹ̀ tán, agbẹ̀bí á tún dúró de ibi. Kì í pẹ́ tó fi ń jáde: roboto, pẹrẹsẹ, ó pọ́n bí ẹ̀dọ̀, ìwọ̀n rẹ̀ sì tó nǹkan bí 500 gíráàmù. Ojú tó kọ sí ìyá rí ṣákiṣàki. Ojú tó kọ sí ọmọ ń dán, iṣan ẹ̀jẹ̀ sì fọ́n ká orí rẹ̀ láti ìdí ìwọ́ bíi gbòǹgbò igi. Nílẹ̀ Yorùbá, wọ́n á rì í mọ́lẹ̀, ó parí. Ṣùgbọ́n ní gbogbo àsìkò tí ọmọ wà nínú, òun ni ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, òun ni kíndìnrín rẹ̀, òun ló ń fún un lóúnjẹ. Bí àrùn bá ba ibi jẹ́, ọmọ ti wà nínú ewu, kódà bí àrùn náà kò bá fọwọ́ kan ọmọ fúnra rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ìyá àti ẹ̀jẹ̀ ọmọ kì í pò pọ̀. Inú ibi kún fún ẹ̀ka wẹ́wẹ́ tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọmọ wà nínú wọn, ẹ̀jẹ̀ ìyá sì ń ṣàn yí wọn ká bí omi ṣe ń yí gbòǹgbò ewéko etídò ká. Awọ tó bo àwọn ẹ̀ka yìí ni ọ́síjìn àti oúnjẹ ń gbà kọjá sọ́dọ̀ ọmọ. Awọ náà ṣàrà ọ̀tọ̀: àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti yọ́ mọ́ra di ẹyọ kan ṣoṣo. Kòkòrò tó bá fẹ́ gba àárín sẹ́ẹ̀lì méjì yọ́ wọlé kò ní rí àárín kankan. Ó tún ń pèsè èròjà kan, interferon, tó ń ta àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yí i ká lólobó kí wọ́n tètè múra. Ìdí nìyí tí ọ̀fìnkìn fi lè mú aláboyún títí, tí ọmọ inú rẹ̀ kò ní mọ̀.

Síbẹ̀, odi yìí ní ibi tí kò ti nípọn. Níbi tí ibi ti ta gbòǹgbò mọ́ ara ilé ọmọ, awọ àjùmọ̀yọ́ yẹn kò sí níbẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní CMV, tó wà nínú itọ́ àti ìtọ̀ àwọn ọmọdé, lè gba ibẹ̀ wọlé. Bí aláboyún bá kọ́kọ́ kó o nígbà tó wà nínú oyún, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta irú oyún bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ti ń kó o. Ìyá lè má rí àmì kankan, kí ọmọ sì ti ibẹ̀ di adití.

Ìgbà tí àrùn dé ṣe pàtàkì. Ní 1941, dókítà ojú kan ní Ọsirélíà, Norman Gregg, kíyè sí i pé àwọn ọmọ tí awọ funfun bo ẹyinjú wọn láti inú oyún, rubella, àrùn fáírọ́ọ̀sì kan tó ń mú kí ara sú, ló ti mú ìyá ọ̀pọ̀ wọn nígbà tí oyún ṣì kéré. Rubella a máa pa ara iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ibi. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó kú náà, tòun ti kòkòrò inú wọn, á bá ẹ̀jẹ̀ ṣàn wọ ara ọmọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ 12 àkọ́kọ́, tí ojú, etí àti ọkàn ń tò pọ̀, ìpalára lè dé bá ọmọ mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20, ó ṣọ̀wọ́n.

Àrùn kòrónà ló wá fi hàn gbangba pé ìbàjẹ́ ibi nìkan ti tó láti pa ọmọ. Kì í sábà dé ara ọmọ inú. Àmọ́ nígbà àjàkálẹ̀ náà, pàápàá ní 2021 tí ẹ̀yà fáírọ́ọ̀sì kòrónà tí wọ́n ń pè ní Delta ń jà, àwọn ìyá kan bí òkú ọmọ láìjẹ́ pé àwọn fúnra wọn ṣàìsàn tó le. Nígbà tí wọ́n gé ibi wọn wò, kò rọ̀ bí ẹ̀dọ̀ mọ́. Ó ti le, ó ti ṣì. Èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì ti dí àárín àwọn ẹ̀ka wẹ́wẹ́ pa, awọ ara wọn ti kú, sójà ara ìyá sì ti rọ́ wọ ibẹ̀. Nínú púpọ̀ nínú wọn, ohun tó bàjẹ́ ju ìdajì ibi lọ. Ẹ̀jẹ̀ ìyá kò ráyè ṣàn, ọ́síjìn sì wọ́n ọmọ títí ó fi kú. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ìyá náà kò tíì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Ibà Lassa burú jù bẹ́ẹ̀, kò sì jìnnà sí wa: Ondo àti Edo wà lára ibi tó ti ń jà jù ní Nàìjíríà. Fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ a máa pọ̀ rẹpẹtẹ nínú ibi. Bó bá mú aláboyún ní oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn, nínú aláboyún 100, ó ju 80 lọ tí ìyá tàbí ọmọ inú rẹ̀ ń kú. Gààrí tí wọn kò dé lómorí, tí eku tọ̀ sí, ti tó ọ̀nà fún un.

Nítorí náà, bí wọ́n bá bí òkú ọmọ, tàbí ọmọ tó kéré ju oṣù rẹ̀ lọ, kò yẹ kí wọ́n yára rì ibi. Ẹbí lè ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò. Wọ́n á gé díẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n á wò ó lábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, ẹbí á sì béèrè fún ìyókù láti lọ rì í.