Bí Ayé Iná, Omi, Afẹ́fẹ́ àti Ilẹ̀ Ṣe Bẹ̀rẹ̀ sí í Bímọ

Lọ́dún 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà, eré tí olùdarí kan ń pìtàn rẹ̀, tí àwọn yòókù ń jẹ́ akọni inú ìtàn, tí dáìsì sì ń pinnu ohun tó bá ṣẹlẹ̀. Lóṣù Keje 1977, Gygax kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn The Dragon pé ayé àwọn akọni nìkan kọ́ ló wà: iná ní ayé tirẹ̀, omi, afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀ náà ní tiwọn. Mẹ́rin yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú Kristi ni Empedocles ará Sicily ti pè wọ́n ní gbòǹgbò ohun gbogbo.

Lọ́dún 1987, Jeff Grubb tò wọ́n yípo nínú Manual of the Planes, ìwé òfin eré náà, ó sì fi ayé mìíràn sí ààlà àwọn tó fara kanra: èéfín láàrin afẹ́fẹ́ àti iná, àpáta yíyọ́ láàrin iná àti ilẹ̀, ẹrẹ̀ láàrin ilẹ̀ àti omi, yìnyín láàrin omi àti afẹ́fẹ́. Ó tún mú agbára ìyè àti agbára ikú kan ọ̀kọ̀ọ̀kan gbòǹgbò mẹ́rin náà. Ìyè kan afẹ́fẹ́, ó di mànàmáná. Ikú kan omi, ó di iyọ̀. Ikú kan iná, ó di eérú. Mẹ́rin àkọ́kọ́, mẹ́rin ààlà àti mẹ́jọ yìí, àpapọ̀ wọn jẹ́ mẹ́rìndínlógún.

Ṣùgbọ́n iná àti omi kò bímọ rárá. Èyí bá ẹ̀kọ́ Aristotle, onímọ̀ ará Gíríìsì àtijọ́, mu: iná gbóná ó sì gbẹ, omi tutù ó sì rin, wọn kò ní ìwà kankan tó pa wọ́n pọ̀.

Ẹni tó gbọ́ Ifá díẹ̀ ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ á rí i pé ọ̀nà mìíràn wà, mo sì gbà pé òun ló dára jù. Odù Ogbè-Ọ̀yẹ̀kú kì í ṣe Ọ̀yẹ̀kú-Ogbè. Èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún ló ń ṣáájú. Tí a bá lo ètò yìí fún gbòǹgbò mẹ́rin, a ní méjì mẹ́rin (gbòǹgbò kan náà lẹ́ẹ̀mejì) àti àmúlù méjìlá (gbòǹgbò méjì tó yàtọ̀), kò sì sí tọkọtaya kankan tó yàgàn. Ẹ jẹ́ kí èyí tó ṣáájú wà lókè, kí èkejì wà nísàlẹ̀. Omi-ilẹ̀ ni ọ̀sà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Ilẹ̀-omi ni kànga jíjìn.

Ilẹ̀-iná ni ebu èédú. Wọ́n á to igi jọ, wọ́n á fi ewé bò ó, wọ́n á da yẹ̀pẹ̀ lé e, iná á sì máa jó lábẹ́lẹ̀ láìrí atẹ́gùn tó. Tí yẹ̀pẹ̀ bá sán, atẹ́gùn á wọlé, igi á di eérú dípò èédú. Òfin ayé náà ti wà nínú iṣẹ́ yìí. Nígbàkigbà tí akọni bá rìn, kó ta dáìsì olójú mẹ́fà kan. Bó bá jẹ́ 1, ilẹ̀ sán, iná sì gba iye ẹ̀mí tí dáìsì méjì bá kà lọ́wọ́ akọni. Ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 7, nítorí náà akọni tó ní ẹ̀mí 10 sábà máa ń yè é lẹ́ẹ̀kan, kì í sábà yè é lẹ́ẹ̀mejì. Yẹ̀pẹ̀ tútù ni akọni á fi dí ihò náà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí olùdarí kàn ní kí iná máa gba dáìsì kan ní gbogbo ìgbà tí ó bá kan akọni: ìpíndọ́gba dáìsì kan jẹ́ 3.5, lẹ́ẹ̀mẹta rẹ̀ sì ti ju 10 lọ, akọni á kú kó tó rí ohunkóhun, kò sì sí ọgbọ́n tó lè dá.

Iná-omi, èyí tí ètò 1987 kò ní, Àjàṣẹ́ ló ti rọrùn láti rò. Epo kpayo, ìyẹn bẹntiróòlù tí wọ́n ń fà wọlé láti Nàìjíríà láìgba àṣẹ, ń gba orí ọ̀sà kọjá, epo sì máa ń léfòó. Ní ayé yìí, iná ń rìn lójú omi. Omi tí akọni bá dà sí i, ńṣe ló ń gbé e kiri. Yanrìn ni kó gbé dání.