Oru ni, kì í ṣe èéfín: bí vaporizer ewé gbígbẹ ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹ wo ẹnu kẹ́tù tómi bá ń hó nínú ẹ̀. Nǹkan funfun tó ń rú jáde yẹn ò bẹ̀rẹ̀ látẹnu kẹ́tù gan-an o, àlàfo kékeré kan wà níbẹ̀ tójú ò rí nǹkan kan, ẹni tó bá sì fọwọ́ síbẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ á bó. Inú àlàfo yẹn loru gidi wà. Èyí tó funfun lókè ẹ̀, omi ni, ẹ̀kán tíntìntín tó ti ń tutù padà.

Tí ìyẹn bá ti yéèyàn, ìdajì ọ̀rọ̀ vaporizer, ẹ̀rọ tó ń mú ewé gbígbẹ gbóná láìjó o kéèyàn lè fa oru ẹ̀, ti yé e. Torí ohun tó ń bíni nínú jù ni báwọn èèyàn ṣe máa ń sọ pé èyí tó bá yọ funfun rẹpẹtẹ ló dáa jù, èyí tí ò bá yọ púpọ̀, wọ́n ní kò ṣiṣẹ́. Irọ́ ni. Fépù olómi táwọn ọ̀dọ́ ń fà nígboro, glycerine àti propylene glycol tó wà nínú omi ẹ̀ ló ń yọ funfun yẹn. Ewé gbígbẹ ò nírú omi bẹ́ẹ̀, òróró ara ẹ̀ àti ìwọ̀nba omi tó kù nínú ẹ̀ ló ní, ìyẹn náà ló sì máa gbé jáde.

Kò sì síná níbẹ̀. Orí sìgá téèyàn ń fà lè gbóná tó 900 dígírì, jíjó yẹn ló ń bí ọ̀dà àti carbon monoxide, ìyẹn gáàsì olóró kan. Vaporizer ò fẹ́ débi tí ewé ti ń gbaná, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í kọjá nǹkan bíi 230. Ìyẹn ò ní kí oru má lè pa ẹ̀dọ̀fóró lára o, àmọ́ kì í ṣe nǹkan kan náà pẹ̀lú èéfín. Òróró tó pọ̀ jù nínú ewé yukalíptọ́ọ̀sì máa ń hó ní bíi 176, thymol tó wà nínú ẹfinrin ní bíi 232, kò sì di dandan kó hó kó tó gbéra, aṣọ tá a sá sórí okùn kì í hó kó tó gbẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà tí wọ́n bá faṣọ bo aláìsàn lórí ìkòkò agbo tí oru ẹfinrin àti ewé tíì ń lù ú lójú: omi yẹn ò kọjá 100, síbẹ̀ ó ń gbé òróró tí ìhó tiẹ̀ ju 200 lọ dání lọ sókè.

Ibi táwọn vaporizer ti yàtọ̀ síra ni bí ooru ṣe ń dé ara ewé. Àwọn kékeré tó ń wọ àpò, bíi PAX, gàrí ni wọ́n ń yan. Ògiri ihò tí ewé wà ló ń gbóná, ewé tó bá fara kan ògiri looru kọ́kọ́ mú. Ẹ rántí ìyá tó ń yan gàrí, ìdí agbada ló gbóná, kò lè gbé igbá ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀, tó bá dúró díẹ̀ báyìí ìsàlẹ̀ á ti jó nígbà tí òkè ṣì tutù, á wá máa dì ní kókó-kókó, ìdí nìyẹn tó fi kọ́kọ́ sẹ́ ẹ, tí ò da gbogbo ẹ̀ sí agbada lẹ́ẹ̀kan náà, tó ń fà á wá tó ń tì í lọ títí apá fi ń ro ó. Ewé náà nìyẹn: ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀ kó lè kan ògiri, tó bá yá ẹ rò ó. Àléébù ẹ̀ ni pé wọ́n fà á o, wọn ò fà á o, ewé ń yan lọ, òróró ń ṣòfò.

Volcano, tí Storz & Bickel ń ṣe ní Tuttlingen ní Jámánì látọdún 2000, ò yan gàrí ní tiẹ̀. Atẹ́gùn ló ń gbóná, pọ́ǹpù á wá fẹ́ ẹ gba àárín ewé kọjá wọnú báàgì kan tó ń wú bíi bàlúùnù. Bí ọyẹ́ ṣe ń ṣe aṣọ lórí okùn ni, kò síbi tí ò dé. Ewé ò gbọ́dọ̀ kì jù, kí atẹ́gùn lè rọ́nà. Oru inú báàgì á sì ti tutù díẹ̀ kí wọ́n tó gbé e sẹ́nu. Wọ́n ní èyí tó jẹ́ ẹ̀rọ ìṣègùn, Volcano Medic, tí wọ́n fi ń lo igbó tí dókítà kọ fún aláìsàn ní Jámánì. Ní Nàìjíríà òfin ò gba igbó, ẹ̀rọ kankan ò yí ìyẹn padà.

Àmọ́ èyí tó wúni lórí jù ni DynaVap, tí wọ́n ń ṣe ní Wisconsin l'Amẹ́ríkà. Kò ní bátìrì, kò ní wáyà, ó rí bíi bírò. Wọ́n á máa yí orí ẹ̀ lójú iná láìtà, á ṣàdédé dún "tẹ́!", ó ti tó nìyẹn, kí wọ́n múná kúrò. Irin méjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ló wà nínú ọmọrí ẹ̀, ooru máa ń mú kí ọ̀kan fẹ̀ ju èkejì lọ, ni pẹlẹbẹ yẹn á bá fò. Irú irin méjì bẹ́ẹ̀ náà ló wà nínú áyọ́ọ̀nù, òun ló ń dún nígbà tí iná pupa ẹ̀ bá kú. Ọgbọ́n tó wà nínú "tẹ́" yẹn ju ti gbogbo àwọn tó ń kọ nọ́ńbà lójú lọ. Ẹni tó bá gbọ́ ọ tí ò múná kúrò ló máa jó ewé ẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ẹ̀ ṣiṣẹ́ kó má wo funfun rárá, kó da ewé inú ẹ̀ sátẹ́lẹwọ́. Ewé tó ti fún un lóru á ti gbẹ, á ti pọ́n bíi ewé inú báàgì Lipton, ewé ṣì ni. Tó bá dúdú, tàbí tó ti di eérú, èéfín ló fà.