Bí F-Zero X ṣe ta ẹwà ra eré

Nígbà tí Nintendo gbé F-Zero X, géèmù eré ìje ọkọ̀, jáde fún ẹ̀rọ géèmù Nintendo 64 lọ́dún 1998, àwọn lámèyítọ́ gbà pé ọkọ̀ ọjọ́ iwájú tó wà nínú ẹ̀ ń sáré gan-an, kò sì ń há. Àwòrán ẹ̀ ni wọ́n ń bú: wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ṣófo, ọkọ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ ní ọ̀ṣọ́ lára. Títí dòní làwọn kan ṣì ń sọ pé ọ̀lẹ ló ṣe àwọn tó kọ́ ọ. Irọ́ ni o. Ẹwà yẹn ni wọ́n tà kí ọkọ̀ lè sáré tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ọkọ̀ inú géèmù yìí máa ń kọjá 1,000 kìlómítà láàárín wákàtí kan, ìyẹn bíi mítà 278 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bẹ́ẹ̀, àwòrán tó dúró sójú kan ni ẹ̀rọ ń yà tẹ̀ lé ara wọn sójú tẹlifíṣọ̀n. Tó bá ń ya 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ọkọ̀ á ti fo mítà mẹ́sàn-án kí àwòrán kejì tó yọ. Tó bá jẹ́ 60, mítà mẹ́rin àbọ̀ ó lé díẹ̀ ni, ojú á sì rí kọ́nà kó tó dé bá a. 60 ni F-Zero X ń yà, pẹ̀lú ọgbọ̀n ọkọ̀ lójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà. Nintendo 64 ò rí ìdá kan nínú àádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá lò fún àwòrán kan. Níbo ló ti fẹ́ ráyè ya ilé àti òkè? Ohun tó yẹ kí wọ́n gé kù náà ni wọ́n gé.

Irú òwò bẹ́ẹ̀ náà ló wà nínú agbára ọkọ̀, ibẹ̀ gan-an ló sì dùn jù. Nínú F-Zero ti 1990, ọ̀fẹ́ ni boost, ìyẹn àfikún eré fún ìgbà díẹ̀: téèyàn bá parí yípo kan, wọ́n á fún un ní ẹyọ kan. Nínú F-Zero X, láti yípo kejì lọ, agbára tó ń dáàbò bo ọkọ̀ tó bá forí sọ ògiri náà ni boost ń jẹ. Ìyálọ́jà tó ń fi owó òwò wọ mọ́tò ni: ó máa dé ọjà ṣáájú ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ bí ọjà bá bàjẹ́ lọ́jọ́ yẹn, kí ló fẹ́ fi dìde? Ibi ìgba-agbára tó wà lójú ọ̀nà ni èrè ẹ̀, béèyàn bá sì ṣe sáré kọjá níbẹ̀ tó ni èrè náà ń kéré tó. Ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Golden Fox gba A, máàkì tó ga jù, nínú boost, ó gba D nínú agbára ara, nítorí náà ìnáwó ẹ̀ ń mú èrè wá kíákíá, àmọ́ owó tó gbé wá sọ́jà ò tó nǹkan. Ní yípo kẹta, tó jẹ́ ìkẹyìn, ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá á ná gbogbo ẹ̀ tán, torí agbára tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìlà ìparí ò wúlò fún eré yẹn mọ́.

F-Zero GX ti 2003 ò yí òfin yìí padà. Àwòrán ẹ̀ rẹwà débi pé àwọn lámèyítọ́ ò rí i bú mọ́. Pé ó ti le jù ni wọ́n wá ń sọ, ẹ̀sùn yẹn sì tọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ.