Breakfast: ìtumọ̀ àti ìlò rẹ̀

Breakfast ni ọ̀rọ̀-orúkọ tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún oúnjẹ àkọ́kọ́ lójúmọ́, èyí tí Yorùbá ń pè ní oúnjẹ àárọ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n kàn pọ̀ di ọ̀kan: break, kí á fọ́ nǹkan tàbí kí á ṣẹ́ ẹ, àti fast, ààwẹ̀. Ẹni tó jẹun alẹ́ sùn kò ní fi nǹkan kan ẹnu títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ààwẹ̀ ni wọ́n ka ìyẹn sí, òkèlè àkọ́kọ́ láàárọ̀ ni wọ́n sì fi ń ṣínu. Ọ̀rúndún 15 ni ọ̀rọ̀ yìí fara hàn nínú ìwé. Ṣáájú ìgbà náà, Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ní morgenmete, tó túmọ̀ sí oúnjẹ òwúrọ̀ gan-an.

Bí wọ́n ṣe ń pè é ti bo ìpìlẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Break nìkan ń dún bíi "bréèkì", ṣùgbọ́n nínú breakfast, "brẹ́k" ló kù. Bóyá ìdí nìyí tí ààwẹ̀ kì í fi í wá sọ́kàn ẹni tó ń sọ ọ́. Àní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wedding breakfast ni àsè tí wọ́n ń jẹ lẹ́yìn tí tọkọtaya bá ti so yìgì, ìbáà jẹ́ ìrọ̀lẹ́. Dinner pàápàá, oúnjẹ alẹ́ wọn, gba inú èdè Faransé wá láti ọ̀rọ̀ Látìnì kan tó túmọ̀ sí kí á ṣínu.

Níbi ìtumọ̀ ni ó ti gba ìṣọ́ra. Ìṣínu ló bá ìpìlẹ̀ breakfast mu jù lọ, síbẹ̀ kò ṣeé fi rọ́pò rẹ̀. Lóṣù Ràmàdáánì, ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ ni Mùsùlùmí ń ṣínu. Sààrì ni ó ń jẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Oúnjẹ àárọ̀ ló tọ̀nà, ìbáà ṣe ẹyin àti sọ́séèjì ará London, ìbáà ṣe ògì àti àkàrà ará Ìbàdàn.

Àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà ti fún ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀ mìíràn. Ẹni tí olólùfẹ́ rẹ̀ já sílẹ̀ ni wọ́n ń sọ pé ó ti jẹ breakfast. Orin kan tí Burna Boy gbé jáde ní 2022 tan ìlò yìí kálẹ̀ sí i. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé oúnjẹ náà yóò kárí: ẹni tí kò tíì kàn, ó ń bọ̀ wá kàn án.