Bí Wọ́n Ṣe Ń Yan Akọ Ẹṣin Tí Yóò Máa Bímọ ní Jámánì

Tí àwọn ará ilé bá ti gbọ́ pé dókítà ẹran ni mí, pé ẹṣin ni mò ń tọ́jú jù ní àríwá Jámánì, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sábà máa ń bi mí. Báwo ni èèyàn ṣe máa wo akọ ẹṣin ọmọ ọdún méjì ààbọ̀, tí kò tíì jáde fún ìdíje kankan, kó sì sọ pé èyí ni kó máa gun abo, èyí kò gbọdọ̀ gùn? Ìdáhùn mi ni pé ìfojúdíwọ̀n ni. Ojú tó ti mọ iṣẹ́ ló ń ṣe é, òfin sì wà tó ń darí ojú náà, àmọ́ ó máa ń tó ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ bóyá wọ́n rí i bó ṣe yẹ.

Àwọn ẹṣin tí mò ń sọ ni wọ́n ń pè ní warmblood. Ẹ̀jẹ̀ wọn kò gbóná ju ti ẹṣin yòókù lọ o. Ẹṣin tó wà láàárín ẹṣin oko tó wúwo àti ẹṣin eré ìje tó fúyẹ́ ni wọ́n. Ní Celle, lẹ́bàá Hannover, George Kejì, ọba Gẹ̀ẹ́sì tó tún ń jọba lé Hannover lórí, dá ilé akọ ẹṣin sílẹ̀ lọ́dún 1735 kí àwọn àgbẹ̀ lè máa mú abo wọn wá bá akọ tó dára. Lọ́dún 1844, òfin jáde níbẹ̀ pé akọ tí ìgbìmọ̀ bá fọwọ́ sí nìkan ló lè bímọ. Ìwé ìran wọn àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1888. Kẹ̀kẹ́ ẹṣin, oko àti iṣẹ́ ológun ni wọ́n ń lò wọ́n fún nígbà náà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, katakata gba iṣẹ́ oko lọ́wọ́ ẹṣin, àwọn tó ń sin ẹṣin bá yí padà sí ẹṣin ìgùn: èyí tó mọ ìgbésẹ̀ tí agẹṣin ń darí lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, tí wọ́n ń pè ní dressage, àti èyí tó mọ fífò.

Ìgbà tí ewé bá ń wọ́ ni wọ́n sábà máa ń ṣe àyẹ̀wò àwọn akọ. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin ìran ẹṣin kọ̀ọ̀kan ló ní ìlú tó ti ń ṣe é: Verden ni ti Hannover, Vechta ni ti Oldenburg, Neumünster sì ni ti Holstein àti ti Trakehner. Gbogbo akọ kọ́ ló ń débẹ̀. Àwọn aṣojú ẹgbẹ́ ti lọ kiri oko ṣáájú, wọ́n ti já èyí tó pọ̀ jù sílẹ̀.

Iṣẹ́ tèmi ti máa ń parí kí àwọn òǹwòran tó jókòó. A ó ya X-ray ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ohun tí a ń wá jù ni ibi tí eegun rírọ̀ inú oríkèé kò ti di eegun líle bó ṣe yẹ, tí ẹ̀rún kékeré sì ti já kúrò lára rẹ̀. Ó lè má dá ẹṣin náà dúró láyé rẹ̀, ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti yọ ẹ̀rún náà fún tí wọ́n sì ń fò dáadáa. Àmọ́ àìsàn náà máa ń bá ìran lọ dé ìwọ̀n kan, ẹṣin tí a ń yẹ̀ wò yìí sì lè bí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ. A ó ti ẹ̀rọ awòran tẹ́ẹ́rẹ́ bọ imú rẹ̀ wo ọ̀nà ọ̀fun, nítorí iṣan apá òsì ibẹ̀ a máa rọ lára àwọn kan, èémí wọn á wá máa dún tí wọ́n bá ń sáré. A ó wo eyín bóyá ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ bá ara wọn mu, a ó sì yẹ kóró ẹpọ̀n méjèèjì wò bóyá wọ́n ti sọ̀kalẹ̀. Wọ́n tún máa ń fi DNA jẹ́rìí bàbá àti ìyá.

Ìdánwò kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ di ti gbangba lọ́dún 2018 ni ti àìsàn tí wọ́n ń pè ní WFFS (Warmblood Fragile Foal Syndrome). Awọ ọmọ tó bá ní in kò lágbára rárá, ó máa ń ya bí wọ́n ṣe ń bí i, ọmọ náà kì í yè. Ẹṣin tó gbé ẹyọ kan péré nínú apilẹ̀ àbùdá (gene) tó ń fà á, láti ọ̀dọ̀ bàbá tàbí ìyá nìkan, kò ní mọ nǹkan kan lára. Ara rẹ̀ á le koko. Ìgbà tí akọ tó gbé e bá pàdé abo tó gbé e ni ewu wà, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ewu náà fún oyún kọ̀ọ̀kan. Ojú lásán kò lè rí i láéláé, ìyẹn ni mo fi gbà pé èyí ló wúlò jù nínú gbogbo ohun tí sáyẹ́ǹsì ti fi kún àyẹ̀wò náà láyé tiwa.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á mú un jáde sórí ilẹ̀ líle. Ilẹ̀ líle kì í bo àṣírí: ẹsẹ̀ tó ń dùn ún á hàn, a ó sì gbọ́ ìró pátákò bóyá ó dọ́gba. Ẹṣin á dúró kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè hàn lẹ́ẹ̀kan náà láti ẹ̀gbẹ́, wọ́n á fà á lọ tààrà, wọ́n á tún fà á bọ̀. Ibi tí ẹni tí kò mọ̀ yóò máa wo irun tó ń dán àti ọrùn tó tẹ̀ kọrọdọ, ìsàlẹ̀ ni adájọ́ ń wò. Ṣé pátákò iwájú kọjú síwájú ni, àbí ó yà sínú, àbí ó yà síta? Ṣé oríkèé ẹ̀yìn ní igun tó tó, àbí ó nà gbọnrangandan débi pé ìwúwo ara yóò máa gbún un? Ṣé ibi tó wà láàárín pátákò àti ọrùn ẹsẹ̀ kò gùn jù, tí kò sì rọ̀ jù? Orí tí kò lẹ́wà kò pa ẹṣin lára. Ẹsẹ̀ tí kò gún ló ń mú un padà wá bá mi.

Nínú gbọ̀ngàn, wọ́n á tú u sílẹ̀ kó sáré fúnra rẹ̀. Oríṣi ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń wò: ìrìn, eré kékeré àti eré ńlá. Eré kékeré ló máa ń mú kí èrò pàtẹ́wọ́, nítorí ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún àti ti ẹ̀yìn òsì a máa gbéra pọ̀, ẹṣin a sì dà bí ẹni pé kò fẹ́ kanlẹ̀ mọ́. Èmi, ìrìn ni mo máa ń wò. Nínú ìrìn, pátákò mẹ́rin gbọ́dọ̀ kanlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìró mẹ́rin tó dọ́gba, kí ti ẹ̀yìn sì kọjá ojú ibi tí ti iwájú ti tẹ̀. Bí ẹsẹ̀ méjì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan bá ń gbéra pọ̀, àbùkù ni. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ lè tún eré kékeré ṣe gan-an. Ìrìn ṣòro ún tún ṣe.

Fún àwọn tí wọ́n bí fún fífò, wọ́n á to ọ̀pá sí ọ̀nà tóóró kan, ẹṣin á sì fò ó láìsí ẹni lórí. Gíga nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò. Bó bá fi ẹsẹ̀ kan ọ̀pá, kí ló ṣe nígbà kejì? Èyí tó ṣọ́ra sí i ni adájọ́ fẹ́.

Abo náà ń ṣe tirẹ̀, ní ọmọ ọdún mẹ́ta lọ́pọ̀ ìgbà. Ní Hannover, máàkì 0 sí 10 ni wọ́n ń fún un lórí orí, ọrùn, ibi gàárì, ẹsẹ̀ iwájú, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ìgbésẹ̀ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìwé wọn, 8 ló túmọ̀ sí “dára”, 5 sì ni “ó tó”. Nítorí náà, ẹni tó bá rí 7 kó má rò pé ẹṣin náà kùnà. Ti akọ le ju bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n gbà á tàbí wọn kò gbà á.

Ibí yìí ni mo ti ń bá àwọn ẹgbẹ́ jiyàn. Níbi kan náà, ní ọjọ́ kan náà tàbí ọjọ́ kejì rẹ̀, ni wọ́n ti ń ta àwọn akọ náà ní gbàǹjo. Akọ tí wọ́n gbà máa ń wọ́n gan-an ju èyí tí wọ́n dá padà lọ, àwọn tó ń sìn wọ́n sì mọ̀. Wọ́n á bọ́ ọ, wọ́n á fún un ní iṣẹ́ ara títí ọmọ ọdún méjì ààbọ̀ yóò fi ní iṣan bíi ti àgbà. Èyí tí ara rẹ̀ lọ́ra láti gbó kì í rí ààyè, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Valegro, ẹṣin tí wọ́n bí ní Netherlands lọ́dún 2002, tí Charlotte Dujardin, agẹṣin ará Gẹ̀ẹ́sì, gùn gba góòlù Òlíńpíìkì ní London lọ́dún 2012 àti ní Rio lọ́dún 2016, ọ̀dá ni. Kò lè fi ọmọ sílẹ̀.

Ìwé tí akọ gbà lọ́jọ́ náà kò sì tíì parí ọ̀rọ̀. Ó ní láti ṣe ìdánwò abẹ́ gàárì. Ọ̀kan nínú wọn gba ọjọ́ 14, níbi tí àwọn agẹṣin tí kò mọ̀ ọ́n rí ti ń gùn ún kí wọ́n lè sọ bóyá ó gbọ́ràn, bóyá ó fẹ́ ṣiṣẹ́. Oyún ẹṣin gba bí oṣù 11. Kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó dàgbà tó ìdíje, ọdún bíi márùn-ún mìíràn ti lọ. Ìgbà náà ni òótọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú, nígbà tí wọ́n ti ta àtọ̀ rẹ̀ dídì káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà.

Bí ẹ bá wà ní Gẹ̀ẹ́sì tàbí Amẹ́ríkà tí ẹ sì fẹ́ ra àtọ̀ fún abo yín, ẹ béèrè èsì WFFS ti akọ náà, kí ẹ sì ṣe ti abo yín náà kí ẹ tó sanwó. Ẹ béèrè X-ray. Ẹ ní kí wọ́n fi fídíò ìrìn rẹ̀ ránṣẹ́, èyí tí wọ́n yà láti ẹ̀gbẹ́, láìfi orin sí i, kí ẹ lè ka ìró mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.