Gbogbo Fáànù Ló Ń Gbọ́, Ẹyọ Kan Ló Ń Dáhùn: Bí Fáànù Púpọ̀ Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ Pọ̀ Nínú Kọ̀ǹpútà

Ní oṣù Ẹrẹ́nà, yàrá tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù ní Ìbàdàn lè gbóná tó dìgíríì 34 lọ́sàn-án. Àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà orí tábìlì jẹun ní Àgbowó, àwọn tó ń tẹ ìwé àti àwọn tó ń to fídíò ìnáwó, mọ bó ṣe máa ń rí. Fáànù inú àpótí á bẹ̀rẹ̀ sí í hu bí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gun òkè Mọ́kọ́lá, iṣẹ́ á falẹ̀, nígbà mìíràn kọ̀ǹpútà á kàn kú lójijì. Èrò tó máa ń kọ́kọ́ wá ni pé kí wọ́n ra fáànù méjì tàbí mẹ́ta kún ti tẹ́lẹ̀. Èrò náà dára, ṣùgbọ́n rírà kọ́ ni iṣẹ́. Iṣẹ́ wà nínú bí wọ́n ṣe máa so wọ́n, àti bí àṣẹ ṣe máa dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn.

Ẹnu wáyà ni kí olùrà kọ́kọ́ wò lọ́jà. Fáànù kan ní wáyà mẹ́ta, òmíràn ní mẹ́rin. Wáyà àkọ́kọ́ ni ọ̀nà tí iná ń gbà padà, èkejì ló ń gbé iná fóòtì (volt) 12 wọlé. Ẹ̀kẹta kì í gbé iná fún mọ́tò: ẹnu fáànù ni. Nígbàkígbà tí fáànù bá yí po lẹ́ẹ̀kan, yóò rán àmì méjì padà sí motherboard, ìyẹn pákó ńlá inú àpótí tí gbogbo nǹkan so mọ́, motherboard á sì máa kà á. Àmì 40 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan túmọ̀ sí ìyípo 20, ìyẹn 1,200 láàárín ìṣẹ́jú kan. Àwọ̀ wáyà kò rí bákan náà lọ́wọ́ gbogbo àwọn tó ń ṣe é, nítorí náà ipò wọn lójú píìnì ló ṣeé gbára lé, kì í ṣe àwọ̀.

Fáànù oníwáyà mẹ́ta ní ẹnu, kò ní etí. Bí motherboard bá fẹ́ kó rọra yí, àfi kó dín fóòtì tó ń wọ̀ ọ́ kù, láti 12 sí 9 tàbí 7. Bó bá dín in kù jù, fáànù lè dúró, tàbí kó má lè gbéra rárá nígbà tí wọ́n bá tan kọ̀ǹpútà.

Wáyà kẹrin ni etí, òun ni wọ́n ń pè ní PWM. Fóòtì 12 yóò máa wọlé láìdín kù, ṣùgbọ́n àmì kan á máa gba wáyà kẹrin yìí kọjá, tí yóò máa tàn tí yóò sì máa kú ní nǹkan bí ìgbà 25,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí àmì náà bá pẹ́ ní títàn ju kíkú lọ, fáànù á sáré. Bí kíkú bá pẹ́ jù, fáànù á rọra. Ìdí tí wọ́n fi mú un yára tó bẹ́ẹ̀ ni pé etí ènìyàn kì í gbọ́ ohun tó ń gbọ̀n ju ìgbà 20,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí kò bá yára tó bẹ́ẹ̀, mọ́tò á máa kùn létí ẹni tó jókòó tì í. Bí kò bá sí àmì kankan lórí wáyà kẹrin, fáànù á sá eré tó le jù. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ariwo sàn ju kí nǹkan jóná lọ.

Àṣìṣe kan tó wọ́pọ̀ tibẹ̀ wá. Ẹnu wáyà fáànù oníwáyà mẹ́ta máa ń wọ ojú píìnì mẹ́rin lára motherboard láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fi ojú yẹn sí PWM nínú BIOS (ètò inú motherboard tí wọ́n ti ń yan bí nǹkan ṣe máa ṣiṣẹ́), etí tí kò sí ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Fáànù á máa sá eré àsápajúdé láti òwúrọ̀ títí alẹ́, wọ́n á sì ní ó ti bàjẹ́. Ohun tó fẹ́ kò ju kí wọ́n yí ojú náà sí DC, kí motherboard lè máa fi fóòtì darí rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ motherboard kì í ní ojú fáànù tó pọ̀. CPU_FAN máa ń wà, lẹ́yìn náà ọ̀kan tàbí méjì tí wọ́n kọ CHA_FAN tàbí SYS_FAN sí. (CPU tibí yìí ni prósẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, kì í ṣe odindi àpótí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní sípíyù.) Bí fáànù bá ju ojú lọ, wáyà tó pín sí ẹ̀ka méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n ń lò, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní splitter. Ìṣirò kan wà níbẹ̀ tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fò. Ojú fáànù kan lórí ọ̀pọ̀ motherboard kò gbọdọ̀ gbé ju áńpù 1 lọ, ìyẹn wáàtì 12. A máa ń kọ áńpù fáànù sára rẹ̀ lẹ́yìn. Mẹ́ta tó ń jẹ áńpù 0.2 kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.6, kò séwu. Mẹ́rin tó ń jẹ 0.3 ti di 1.2, ojú náà sì lè jóná. Ó tọ́ kí àyè ṣẹ́ kù pẹ̀lú, nítorí iná tí fáànù ń fà nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra pọ̀ ju èyí tó ń jẹ nígbà tó bá ti ń yí lọ.

Gbogbo ẹ̀ka splitter ló ní wáyà etí, nítorí náà àṣẹ kan náà ni gbogbo fáànù ń gbọ́. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá wo splitter tó dára, yóò rí i pé ẹ̀ka kan ṣoṣo ló ní wáyà ẹnu. Wọ́n ti yọ ti àwọn yòókù kúrò. Kò bàjẹ́ o, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Bí fáànù mẹ́ta bá jọ ń rán àmì ìyípo lórí wáyà kan, àmì wọn á dàrú mọ́ra, nọ́ńbà tí motherboard á kà kò sì ní jẹ́ ti ìkankan nínú wọn. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé bí ọ̀kan nínú àwọn tí kò lẹ́nu bá kú, kò sẹ́ni tó máa sọ. BIOS á máa ka 1,200 lọ, ara rẹ̀ á balẹ̀, bẹ́ẹ̀ fáànù kan ti dúró.

Bí fáànù bá tó márùn-ún sókè, hub, ìyẹn pákó kékeré tó ní ojú fáànù púpọ̀, ló dára jù. Ọ̀pọ̀ hub kì í gba iná lọ́dọ̀ motherboard. Inú páwà, ìyẹn àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà, ló ti ń gbà á tààrà, nípasẹ̀ ẹnu wáyà tí wọ́n ń pè ní SATA, tó lè gbé tó áńpù 4.5 lórí fóòtì 12. Àṣẹ PWM nìkan ló ń gbà lọ́wọ́ motherboard, tó sì ń pín in káàkiri. Lórí ọ̀pọ̀ hub, ojú kìíní nìkan ló ń dá àmì ìyípo padà. Bí ojú yẹn bá ṣófo tí wáyà hub sì wà lójú CPU_FAN, kọ̀ǹpútà lè kígbe pé fáànù prósẹ́sọ̀ ti kú. Fáànù prósẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀ ló yẹ kó dá wà lójú CPU_FAN, kí àwọn ti àpótí máa wà lórí hub.

Ó wá ku àṣẹ fúnra rẹ̀. Nínú BIOS, wọ́n máa ń ya ìlà kan tó ń sọ pé bí ooru bá dé ibi báyìí, kí fáànù sáré tó báyìí. Ibí yìí ni ìmọ̀ràn láti ilẹ̀ òtútù ti máa ń ṣi àwọn ará Ìbàdàn lọ́nà. Kò sí bí fáànù ṣe lè mú prósẹ́sọ̀ tutù ju afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ sí i lọ. Ẹni tí yàrá rẹ̀ wà ní dìgíríì 22 lè ní kí fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra ní 40. Nínú yàrá dìgíríì 34, prósẹ́sọ̀ tí kò ṣe nǹkan kan lè ti kọjá 45, fáànù kò sì ní sinmi láé. Ìyàtọ̀ dìgíríì 12 yẹn ló yẹ kí wọ́n fi sún ìbẹ̀rẹ̀ ìlà síwájú: kí fáànù àpótí wà ní ìdá 35 nínú 100 títí dé nǹkan bí 55, kó máa gòkè díẹ̀díẹ̀, kó sì dé 100 kí ooru tó tó 85. Orí ìlà náà kò gbọdọ̀ sún, nítorí ibi tí prósẹ́sọ̀ ti ń jìyà kò yí padà nítorí ojú ọjọ́.

Prósẹ́sọ̀ tún lè fò sókè ní dìgíríì 15 lójú ẹsẹ̀, torí pé ẹnì kan ṣí fáìlì. Bí fáànù àpótí bá ń tẹ̀ lé gbogbo ìfò yẹn, á máa hu, á máa dákẹ́, ohun tó sì ń rẹ etí gan-an nìyẹn. BIOS púpọ̀ ní àyè tí wọ́n ti lè sọ pé kí fáànù dúró díẹ̀ kó tó yí eré padà. Ó tún ṣeé ṣe kí fáànù àpótí máa wo ooru motherboard dípò ti prósẹ́sọ̀, nítorí ìyẹn kì í yára yí padà.

Ọ̀nà afẹ́fẹ́ kò le: iwájú ni kí ó máa wọlé, ẹ̀yìn àti òkè ni kí ó máa jáde. Ẹ̀gbẹ́ fáànù tó ní igi tó di mọ́tò mú ni atẹ́gùn ń gbà jáde. Nítorí eruku ọyẹ́, ó sàn kí èyí tó ń wọlé pọ̀ díẹ̀ ju èyí tó ń jáde lọ, kí asẹ́ sì wà níwájú; afẹ́fẹ́ inú á máa ti eruku sẹ́yìn láwọn ihò kéékèèké. Bí wọ́n bá ń fi blower, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́, fọn eruku náà dànù, kí wọ́n pa kọ̀ǹpútà, kí wọ́n sì fi ìka di abẹ fáànù mú. Fáànù tí blower ń yí ti di jẹnẹrétọ̀ kékeré tó lè ti iná padà sínú motherboard.

Kí olówó tó náwó, kó ṣí àpótí tòkunbọ̀ rẹ̀ wò ná. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe fún ọ́fíìsì ní ẹnu wáyà tiwọn tí kò bá ti ọjà mu, BIOS wọn kò sì fún ènìyàn láyè láti ya ìlà kankan. Hub tó gba iná láti inú páwà, tó sì ní bọ́tìnì eré lára, ló máa ń ran irú wọn lọ́wọ́.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti wọlé, kí wọ́n tan kọ̀ǹpútà láì tíì dé ìdérí, kí wọ́n sì fi ojú wo fáànù kọ̀ọ̀kan, pàápàá àwọn tí kò ní ẹnu. Lẹ́yìn náà kí wọ́n dé e, kí wọ́n fún un ní iṣẹ́ tó le fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́sàn-án gangan, kí wọ́n sì máa wo ooru. Bó bá dúró sójú kan láìkọjá 80, ìlà náà ti bá yàrá mu. Bó bá ṣì ń gòkè, kí wọ́n sún àárín ìlà náà sókè díẹ̀, kí wọ́n tún un dán wò.