Bí ewé kókò ẹ̀bá gọ́tà ṣe ń di àwo tánńganran

Ẹ ti rí àwọn àwo tánńganran tí wọ́n ṣe bí ewé yẹn, èyí tí wọ́n máa ń gbé sórí tábìlì pálọ̀, tí gbogbo iṣan ewé hàn lára ẹ̀ kedere. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹnì kan ló jókòó fi ọ̀bẹ fa iṣan yẹn níkọ̀ọ̀kan. Rárá o, ewé gangan ló ṣiṣẹ́ yẹn. Ewé kókò tó ń hù lẹ́bàá gọ́tà ní Mushin àti Bàrígà tí ẹnikẹ́ni ò kà sí, irú ẹ̀ gan-an ló dáa fún un, torí ó fẹ̀, iṣan ẹ̀yìn ẹ̀ sì yọ síta dáadáa.

Wọ́n á po amọ̀, wọ́n á máa fi lu tábìlì títí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ á fi jáde, wọ́n á wá fi irú igi tí wọ́n fi ń yí ìyẹ̀fun ṣinṣín yí i pẹlẹbẹ, kó má nípọn tó ìka ọmọńdinrín. Ẹ̀yìn ewé ló gbọ́dọ̀ dojú kọ amọ̀, ibẹ̀ ni iṣan wà, ẹni tó bá fi iwájú ewé lé e máa ṣì í ni, á rí amọ̀ tó ń dán lásán. Wọ́n á tún yí igi yẹn kọjá lórí ewé kó lè rì sínú amọ̀, wọ́n á fi ọ̀bẹ gé etí ẹ̀, wọ́n á gbé e sínú abọ́ kó lè jin díẹ̀ láàárín. Àwọn kan kì í tiẹ̀ yọ ewé náà, iná ló máa jó o dànù.

Ṣùgbọ́n iṣan tó yọ síta lára ewé, kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ ló máa dà lára amọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó yọ síta bíi ti ewé gidi, àfi kó kọ́kọ́ da POP, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe sílíìnì yẹn, lé ẹ̀yìn ewé lórí. Tí POP bá ti le, ó di mọ́ọ̀dù nìyẹn, amọ̀ tí wọ́n bá tẹ̀ sínú ẹ̀ ló máa jọ ewé. Tó bá jẹ́ nǹkan roboto bí àgbàdo tàbí ọ̀pẹ òyìnbó, mọ́ọ̀dù alápá méjì ni, amọ̀ tó ki bí ògì ni wọ́n á dà sínú ẹ̀. POP á máa fa omi mu, amọ̀ tó fara kan án á le, tó bá tó bí ogún ìṣẹ́jú wọ́n á da ìyókù síta, inú ẹ̀ á ṣófo.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó ń jẹ́ Bernard Palissy, ní bí 1550 ó lé, ara alángbá, ejò àti ẹja gidi ló fi ń ṣe mọ́ọ̀dù. Òun fúnra ẹ̀ kọ ọ́ pé igi tóun fi ń dáná sun àwo tán lọ́jọ́ kan, lòun bá kó tábìlì àti pákó ilẹ̀ ilé òun sínú iná. Ẹ wo ojú ìyàwó ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn! Tiwa ńkọ́, Ladi Kwali, amọ̀kòkò tó wà lẹ́yìn owó ₦20, kò lo mọ́ọ̀dù ní tiẹ̀, ńṣe ló ń fi nǹkan ẹnu ṣóńṣó fa alángbá àti ẹja sára ìkòkò tútù.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù ni gbígbẹ. Amọ̀ máa ń sún kì, àwo tó gùn ní ínṣì 10 lè di 9 kó tó jáde nínú iná. Etí ewé tó fẹ́lẹ́ ló ń kọ́kọ́ gbẹ, á máa fà, àárín ṣì tutù, bó ṣe máa sán nìyẹn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi lọ́rà bò ó. Lásìkò òjò Èkó àwo lè lo ọ̀sẹ̀ méjì kó má gbẹ, tí ọyẹ́ bá dé ó tún máa ń yára jù. Bí wọ́n ṣe ń dán an wò ni kí wọ́n gbé e kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, tó bá ṣì ń tutù, omi ṣì wà nínú ẹ̀, omi yẹn ló ń di ooru tó ń fọ́ àwo yángá nínú kiln, ìyẹn ààrò tí wọ́n fi ń sun amọ̀, tí iná bá ti kọjá 100°C. Torí náà jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń tan iná, ó di bí 1000°C kí wọ́n tó pa á. Kiln tó ń lo gáàsì ló fọkàn ẹni balẹ̀, ti iná mànàmáná, ẹ̀yin náà mọ NEPA.

Lẹ́yìn ìyẹn ni glaze, dígí lílọ̀ tí wọ́n pò mọ́ omi. Kọ́pà ló ń fún un ní àwọ̀ ewé, irin ń fún un ní búráwùn. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún kò jọ ewé rárá, ó dà bí ẹni fi eérú pa á lára, iná ẹlẹ́ẹ̀kejì ló máa yọ́ ọ. Á ṣàn lọ sínú kòtò iṣan, ibẹ̀ á dúdú, ibi tó ga á mọ́lẹ̀, àwọ̀ kan ṣoṣo á wá di méjì.

Wọ́n kì í ṣí kiln kíákíá o, ó lè gba odidi ọjọ́ kan kó tó tutù. Tí àwo bá ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́, ẹ lè gbọ́ ọ tó ń dún tín, tín: glaze ló fà ju amọ̀ lọ, tó ń là wẹ́wẹ́. Irú ẹ̀ ò ṣeé bu ọbẹ̀ sí, ṣùgbọ́n àwọn kan á fi íńkì pa ojú ibi tó là yẹn, á wá dà bí ewé tó ti gbó.